Ilà Èédú Lára Ògiri Ìyá Alásẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní àgbàlá ilé wa ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, nìyí, lọ́jọ́ tí ó pé ọdún kan tí ìyá àgbà wa ti dágbére fáyé. Mo tún un tò díẹ̀ kí ó lè ṣeé kà. Ibi tí ẹ bá ti rí i pé mo ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lójúkojú, ẹni náà jókòó níbẹ̀, ó sì dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí tí ẹ ti Ìlárá àti Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà sọdá wá láàárọ̀ yìí, ẹ̀yin ará Kútọnu tí ọkọ̀ yín bàjẹ́ lọ́nà tí ẹ sùn sínú rẹ̀, mo kí yín. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àárẹ̀. Àwọn àfáà ti ṣe tiwọn, a ti ṣàmín. Wọ́n ní kí èmi náà wá sọ̀rọ̀ torí pé èmi ni mo kàwé jù nínú àwọn ọmọ-ọmọ. Irọ́ ni wọ́n pa. Àbúrò mi obìnrin tó dúró ti ìkòkò ìrẹsì lọ́hùn-ún yẹn kàwé jù mí lọ. Èmi ni mo kàn lẹ́nu jù.

Ohun kan ń dà mí láàmú láti ìgbà tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́. Mi ò mọ ohun tí màá nàka sí. Bí ẹni tó lọ bá kọ́ mọ́sálásí, a ó ní ẹ wo mọ́sálásí. Bí ó bá gbẹ́ kànga, a ó bu omi fún yín mu. Iṣẹ́ tí ìyá yìí fi bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣe láìgba sẹ́ẹ̀fà kan, ọjọ́ tí ó parí ni kò ti sí ohun tí ojú lè rí mọ́. Mo bi àwọn ọmọ tó jókòó sórí ẹní níwájú yìí láàárọ̀: kí ni sòbìà? Ọ̀kan ní orúkọ ewé ni. Ọ̀kan ní olórin kan ni ní Nàìjíríà. Èyí tó gbọ́n jù nínú wọn ní òwe ni.

Ó gbà á. Òwe ni. Kí sòbìà tó degbò, olúgànbe ni à á ké sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn, ẹ dìde díẹ̀. Àpá yìí, lókè ọrùn ẹsẹ̀, tó ṣe bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbígbóná tẹ ara, ibẹ̀ ni òwe yẹn gbà jáde lára mi.

Ìyá àgbà wa kì í tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ òwe náà. Ó ní ẹni tó pa á pẹ́ kó tó dé. "Kí ó tó degbò kẹ̀? Nígbà tí ẹ bá rí i lára yín, ó ti ń bá yín sùn láti ọdún èṣí. Kí sòbìà tó wọnú, asẹ́ ni kí ẹ ké sí."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ná. Ní 1989, owó oṣù kò jáde lórílẹ̀-èdè yìí. Ẹ̀yin tí irun yín ti ń funfun rántí. Ilé ìfowópamọ́ dẹnu kọlẹ̀, àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tì, gbogbo ọdún ẹ̀kọ́ náà sì di òfo. Olùkọ́ ni bàbá mi ní Kútọnu. Ó ta rédíò, ó ta kẹ̀kẹ́, ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi. Nígbà tó ku àwa ọmọ nìkan, ó kó wa sọ́kọ̀, ó kó wa wá sí Kétu. Àwọn àbúrò rẹ̀ náà ro èrò kan náà. Láàárín oṣù mẹ́ta, ọmọ méje ló wà nínú yàrá kan lórí ẹní mẹ́ta. Ìyá àgbà kò bèèrè ẹni tó máa fi owó oúnjẹ ránṣẹ́. Ó fi òdiwọ̀n àgbàdo méjì kún èyí tó máa ń rẹ, ó tán.

Ẹlẹ́kọ ni, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, a ó ti máa gbọ́ omi nínú òkùnkùn. Á so aṣọ funfun mọ́ ẹnu agbada, á bu àgbàdo lílọ̀ lé e, á da omi sí i, á wá máa fi àtẹ́lẹwọ́ rà á yípo, yípo, bí ẹni ń pa ọmọ lórí kí ó lè sùn. Ògì á máa ro sísàlẹ̀. Èèrí á kù lókè. Á fún aṣọ náà, á gbọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, á da èèrí sẹ́yìn ilé, ewúrẹ́ á sì ti dúró dè é, torí pé ewúrẹ́ ilé yìí mọ àkókò ju àwa lọ. Bí ìka rẹ̀ bá kan aṣọ náà, ó mọ ibi tí ó ti fẹ́ ya. Ẹ rántí aṣọ yẹn, a ó padà sí i.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ tẹ́tí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ lè máa jẹ obì yín lọ. Sòbìà jẹ́ kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ funfun, ó rí bí òwú ìránṣọ, ó sì lè gùn tó mítà kan. Inú ènìyàn ló ń gbé, lábẹ́ awọ. Bí ó bá tó àsìkò tí ó fẹ́ bímọ, á sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ ló sábà máa ń wá, á yọ ìléròrò síbẹ̀. Ìléròrò náà á máa jó bí ẹni pé wọ́n fi ẹyín iná lé e. Kí ni ẹni tí ẹsẹ̀ ń jó máa ṣe? Á wá omi tútù ki ẹsẹ̀ bọ̀. Ohun tí kòkòrò náà ń dúró dè gan-an nìyẹn. Ìléròrò á bẹ́, sòbìà á yọrí síta, á da ọmọ rẹ̀ sínú omi lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Kòkòrò omi wẹ́wẹ́ kan wà tí ó máa ń gbé àwọn ọmọ náà mì. Ẹni tó bá bu omi náà mu ti gbé sòbìà mì nìyẹn. Kò ní mọ̀. Kò ní dùn ún. Bí ọdún kan á kọjá kí ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ọdún kan yẹn ló da ọ̀rọ̀ rú. Ta ló máa gbà pé omi tí òun mu nígbà Iléyá èṣí ló ń jẹ òun lẹ́sẹ̀ ní Iléyá yìí? Àwọn kan ní inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé láti ìgbà ìbí. Àwọn kan ní ayé ló fi ránṣẹ́. Kò sì ní oògùn. Kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, títí di òní tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí. Ṣọ̀pọ̀nná tí wọ́n kéde ní 1980 pé ayé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ ló lé e lọ. Ti sòbìà, wọ́n á wé orí rẹ̀ mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, wọ́n á máa fà á jáde díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá já mọ́ ọ lọ́wọ́, o dàràn: èyí tó kù nínú á mú kí ẹsẹ̀ wú, kí ó sì tú. Àsìkò tí oko ń pe àgbẹ̀ ló sì sábà máa ń jáde. Mo mọ ilé kan tí bàbá, ìyá àti ọmọkùnrin tó dàgbà jù dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló gbin àgbàdo ọdún yẹn. Ẹ lè fojú inú wo bí àgbàdo náà ṣe rí.

Ẹ sì mọ ilẹ̀ wa. Orí òkè tó tẹ́jú la wà, omi jìnnà sísàlẹ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ gbẹ́ kànga ní Kétu, á gbẹ́ ẹ títí á fi rò pé òun ti fẹ́ yọ lódì kejì ayé. Omi òjò tí a gbà lórí páànù là ń mu nílé. Ní abà, ọ̀gọ̀dọ̀ ni, omi tó dúró sójú kan, tí ènìyàn àti ẹran jọ ń mu.

Ó ku bí ìrìn wákàtí méjì kí ènìyàn tó dé abà tí bàbá àgbà wa fi sílẹ̀, lọ́nà bọ́dà. Ọdún kejì tí a dé, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera méjì gun alùpùpù wá síbẹ̀. Wọ́n kó aṣọ náílọ́ọ̀nù funfun dání, ihò rẹ̀ wẹ́, wọ́n ní kí gbogbo ilé máa fi sẹ́ omi mu. Faransé ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹni tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa, kí Ọlọ́run forí jì í, ohun tí àwọn àgbẹ̀ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé ìjọba ní dọ̀tí ni wọ́n. Bàbá kan dìde. Ó ní: "Bàbá mi mu omi yìí títí tó fi gbó tó di ẹni à ń gbé jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu omi ẹ̀rọ, ẹni mélòó nínú yín ló gbó?" Gbogbo abà bú sẹ́rìn-ín. Ìpàdé ti fẹ́ tú.

Ìyá àgbà wà níbẹ̀, ó ń ta ẹ̀kọ. Kò dìde. Láti ìdí igbá rẹ̀ ló ti dáhùn. "Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Bí mo bá po ògì fún yín tí mi ò sẹ́ èèrí rẹ̀ kúrò, ṣé ẹ ó mu ún?"

"Èmi? Ṣé ewúrẹ́ ni mí ni?"

"Ẹ ṣeun, bàbá. Èèrí tí kò lẹ́mìí, ẹ kò mu ún. Èyí tó lẹ́mìí ńkọ́?"

Ó ní kí wọ́n fún òun ní ìgò funfun kan, ó rán ọmọ lọ bu omi ọ̀gọ̀dọ̀ sí i, ó gbé e sókè kojú oòrùn. Nǹkan wẹ́wẹ́ ń ta pọ́ún pọ́ún nínú rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kàn ní kí ìgò náà máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Obìnrin kan tó pọn ọmọ wò ó, ó yíjú wo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní: "Háà." Bẹ́ẹ̀ ni ìpàdé náà ṣe yí padà. Bàbá tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ gba aṣọ méjì, ó ní ọ̀kan jẹ́ ti ìyàwó kékeré.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn òṣìṣẹ́ náà wá a wá sílé yìí. Wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tó máa yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti mójú tó abà mẹ́fà, pé kò ní sí owó. Ó bi wọ́n pé: "Ṣé ẹ ó fún mi láṣọ?" Wọ́n wo ara wọn, wọ́n rò pé ìró àti bùbá ló ń bèèrè. Ó ní aṣọ asẹ́ lòun ń wí, kí ó sì pọ̀, torí pé àwọn obìnrin abà máa fi òmíràn sọ ọmọ lórúkọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Alásẹ́. Àlejò tó bá gbọ́ ọ lókèèrè á rò pé Ìyáláṣẹ̀ ni wọ́n ń pè, ìyá tó jẹ́ olórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Nígbà kan àlejò kan láti Àjàṣẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lójú ọjà nítorí bẹ́ẹ̀. Ó gbé ẹ̀kọ márùn-ún fún un, kò sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Iṣẹ́ náà kò ní ẹwà kankan. Ìrìn ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, bí ó bá ti ta ẹ̀kọ tán, á gbé igbá òfìfo lérí, á mú ẹnì kan nínú wa dání, a ó mú ọ̀nà abà pọ̀n. Ilé dé ilé, á ní kí wọ́n gbé asẹ́ wọn wá, á gbé e sókè sí oòrùn, á máa wá ihò. Ó ti fi aṣọ òwú gbìyànjú rí, ṣùgbọ́n aṣọ òwú máa ń tètè dí, omi á sì máa kán tó, tó, títí obìnrin tó ti rẹ̀ á fi tú u dànù. Náílọ́ọ̀nù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ náílọ́ọ̀nù ní ìṣòro tirẹ̀: ojú kan náà ló gbọ́dọ̀ máa wà lókè nígbà gbogbo. Bí o bá yí i padà, kòkòrò tó sẹ́ lánàá á bá omi òní wọnú ìkòkò. Báwo lo ṣe máa sọ ìyẹn fún ẹni tó ń sẹ́ omi lóru? Ó fi òwú pupa ya nǹkan kan bí àgbélébùú sí igun kan aṣọ kọ̀ọ̀kan, ó yọ sókè, ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn. Àfáà kan ní àgbélébùú kò dára. Ó tú gbogbo rẹ̀, ó fi kókó kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀. Àwa ọmọ la tú u, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì aṣọ, lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́bàá àtùpà.

Ẹni tí sòbìà bá ń yọ lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ọ̀gọ̀dọ̀. Ìyẹn yá láti sọ. Ta ló máa wá pọnmi fún un? Ẹ̀yin ará mi, àwa ni. Mo ti pọnmi fún ẹni tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Nígbà tí wọ́n sì kó oògùn wá tí wọ́n ń dà sínú omi láti pa kòkòrò wẹ́wẹ́ náà, tí wọ́n ń sọ kiri abà pé oògùn tí kò ní jẹ́ kí obìnrin bímọ ni, òun ló kọ́kọ́ bu igbá kan mu lójú gbogbo ayé. Ó nu ẹnu. Ó ní: "Èmi ti bí tèmi tán, òótọ́ ni. Ó yá, ọmọ mi, ìwọ náà mu." Tàńtí mi tó gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ọmọ mélòó lẹ bí lẹ́yìn ìgbà yẹn? Mẹ́rin. Ẹ ṣeun, ẹ jókòó.

Ó lọ bá àwọn eléfẹ̀ náà, àwọn tó ń kọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lóru. Gbogbo ayé mọ̀ pé Kétu ni à ń nàka sí tí a bá ń sọ̀rọ̀ orírun Gẹ̀lẹ̀dẹ́. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 pé ohun ìṣúra gbogbo ayé ni. Kí UNESCO tó mọ̀ ni àwa ti mọ̀ pé ohun tí Ẹ̀fẹ̀ bá fi ẹnu bà lóru, kò sẹ́ni tó lè dákẹ́ ẹ láàárọ̀. Ìyá àgbà gbé ẹ̀kọ àti owó obì lọ sílé akọrin, ó ní kí ó fi sòbìà sí orin ọdún náà. Mùsùlùmí òdodo ni. Àwọn kan nínú mọ́sálásí kùn pé kí ló kan ìyá oníkìrun nílé Ẹ̀fẹ̀. Ó ní ilé bàbá òun lòun lọ, òun sì ti kírun kí òun tó jáde. Lóru ọjọ́ Ẹ̀fẹ̀, akọrin náà ta ọ̀rọ̀ sí ọkùnrin kan tó máa ń wẹ ẹsẹ̀ egbò rẹ̀ nínú ọ̀gọ̀dọ̀. Kò dárúkọ rẹ̀. Kò nílò kí ó dárúkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà dìde láàárín èrò, ó lọ sílé, kò sì tún wọ omi náà mọ́.

Kí n má gbẹ́ ẹ bí ère. Ó le. Bí ó bá bú ènìyàn, ẹni náà á ní láti jókòó. Àìmọye alẹ́ ni a jẹun lẹ́yìn tí àwọn ará ilé kejì ti sùn, torí pé ó wà lọ́nà abà. Kò débi ìsọmọlórúkọ ọmọ tàńtí mi kejì, ó ní ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ asẹ́. Tàńtí kò tíì gbàgbé. Mo rí i bí ojú wọn ṣe yí padà báyìí tí mo sọ ọ́.

Ìṣirò rẹ̀ ló wá kù. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kí ó máa ka iye ẹni tí sòbìà bá yọ lára wọn lóṣooṣù. Kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà. Ó mú èédú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ilà sára ògiri yàrá rẹ̀, lápá ibùsùn, ilà kan fún ẹnì kan. Bí oṣù bá parí, àwọn òṣìṣẹ́ á wá kà á, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé wọn, àmọ́ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á rẹ́. Mo bi í pé kí ló ń fi í ṣe, nígbà tí wọ́n ti kọ ọ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ fún mi. Ní 1886 tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, lẹ́yìn tí ebi ti gbo àwọn ará ìlú nínú odi, wọ́n kó ọmọbìnrin náà lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dàhòmì, ni àwọn tó ṣẹ́kù rí ọ̀nà padà wálé tún ìlú tò. Ènìyàn mọ́kànlá ni wọ́n kó ní agbo ilé tirẹ̀, mẹ́rin ló padà. "Nígbà tí ìyá mi àgbà máa fi di arúgbó," ó ní, "orúkọ méje ló lè kà nínú mọ́kànlá. Mẹ́rin ti bọ́ sọnù. Kò sẹ́ni tó fa ilà kankan." Ó fẹ èédú ọwọ́ rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ó yá, ẹsẹ̀ mi. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 11. Èmi àtàwọn ọmọ abà lọ dẹ takúté òkété, oòrùn ọ̀sán mú. Ìyá àgbà ti so asẹ́ kékeré kan mọ́ ìdí ṣòkòtò mi, ojú sì ń tì mí, wọ́n ń pè mí ní ọmọ ẹlẹ́kọ. A dé ọ̀gọ̀dọ̀. Wọ́n tẹríba, wọ́n fọwọ́ bomi mu. Mo wo asẹ́ mi. Mo yí i sẹ́yìn. Mo tẹríba. Omi náà tutù, ó dùn, mi ò níí purọ́ fún yín.

Nígbà tí ìléròrò yọ lọ́dún kejì, mo fi pamọ́ fún ọjọ́ méjì. Ó rí i nígbà tí mo ń ṣe àlùwàlá. Kò nà mí. Ì bá jẹ́ pé ó nà mí. Ó bi mí pé omi ibo ni, mo sọ fún un. Ó gbé mi pọ̀n lọ́jọ́ kejì, ọmọ ọdún 12 tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, ó gbé mi lọ sí abà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sọ̀ mí kalẹ̀ sábẹ́ igi, á gbé ẹsẹ̀ mi sókè: "Ẹ wò ó. Ọmọ-ọmọ Ìyá Alásẹ́ ni. Asẹ́ wà nídìí rẹ̀, kò lò ó." Bàbá oníyàwó méjì yẹn kò rẹ́rìn-ín. Ó mú adìyẹ kan fún mi.

Alaalẹ́, lẹ́yìn ìṣáà, á fi omi gbígbóná nu ojú rẹ̀, á yí igi kékeré náà díẹ̀, bí ìwọ̀n èékánná, á dúró, á fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí mo bá ń sunkún, á máa ka oríkì bàbá bàbá mi, kò jẹ mọ́ ìrora náà rárá, àmọ́ ó gùn, ó sì máa ń parí nígbà tí yíyí ọjọ́ náà bá parí. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ó ti rò pé mo ti sùn. Mo rí i tó mú èédú lọ sídìí ògiri. Ó fa ilà tèmi. Kò gùn ju ti ẹlòmíràn, kò kúrú. Ó wà láàárín ìyàwó àgbẹ̀ kan àti ọmọ ará Ìlárá kan tó wá ṣiṣẹ́ oko.

Mo dárúkọ Ìlárá. Bọ́dà kò jẹ́ nǹkan kan lójú sòbìà, bí kò ṣe jẹ́ nǹkan kan lójú àwa náà. Nígbà tí wọ́n wá àwọn tí sòbìà mú kiri gbogbo Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní 1988 sí 1989, ó lé ní 650,000 ènìyàn tí wọ́n rí. Ní gbogbo ayé ní 1986, wọ́n fojú bù ú sí mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ lọ́dún kan. Ọdún yẹn ni Jimmy Carter, ẹni tó ti ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà rí, gbé iṣẹ́ náà rù. Ó ní òun fẹ́ kí sòbìà tó kẹ́yìn kú ṣáájú òun. Ó pé ẹni 100 ọdún kí ó tó kú ní oṣù kejìlá ọdún 2024, sòbìà kò tíì kú tán, àmọ́ àwọn tó yọ lára wọn ní gbogbo ayé lọ́dún náà kò pé 20. Àwọn tó jọ ṣe é pọ̀. Ìyá tèmi wà nínú wọn, ó ń ta ẹ̀kọ.

Ilà tó kẹ́yìn lára ògiri náà, ọdún 1998 ni. Lójú tèmi, lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ náà tó le. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi ń rìn lọ sí abà láìfa ilà kankan. Àwọn ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ relé ọkọ kò rí sòbìà rí. Wọ́n ń bi í pé nítorí kí ni àwọn ṣe ń sẹ́ omi. Mo tẹ̀ lé e lọ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo wálé ìsinmi láti yunifásítì. Ìyàwó kan ti fi asẹ́ rẹ̀ ṣe aṣọ ìbojú fèrèsé. Ìyá àgbà kò bú u. Ó ní kí n ká ṣòkòtò mi sókè.

Ní 2004 ni wọ́n rí ẹni tó kẹ́yìn tí ó mú lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ yìí, wọ́n sì fún wa níwèé ẹ̀rí ní 2009 pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nàìjíríà gba tirẹ̀ ní 2013. Mo pè é láti Kútọnu lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Ó ní: "Ṣé wọ́n dé abà kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀?"

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, àwọn ọmọ ìyá mi mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 2011, mo ti ń rówó díẹ̀. Ìyá àgbà lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìlárá. Mo ní kí n fi yàrá rẹ̀ ṣe é ní ìyàlẹ́nu. Mo gbé másọ̀n wá, mo ra símẹ́ńtì, ó fi símẹ́ńtì lẹ ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Másọ̀n bi mí, kí Ọlọ́run bù kún un, ó ní, "Pàtíróònù, gbogbo ilà yìí ńkọ́?" Mo ní dọ̀tí èédú ni. Èmi. Èmi tí ilà mi wà níbẹ̀.

Ó wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó tú gèlè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri apá ibùsùn láti òkè dé ilẹ̀. "Ó dán," ó ní. "Ó dán dáadáa." Ìgbà tí mo wo ojú rẹ̀ ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Nígbà tí a jẹun tán, ó ní: "Kun àwọn tó kù. Má kun ìyẹn." Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i pé yàrá náà funfun lápá mẹ́ta, tí ìkẹrin sì wà bí símẹ́ńtì ṣe fi í sílẹ̀.

Mo ti bá másọ̀n sọ̀rọ̀ lóṣù tó kọjá. Ó ní bí òun bá hó o, èédú abẹ́ rẹ̀ á bá símẹ́ńtì jáde. Mo bi àwọn ará ilé pé ilà mélòó ló wà níbẹ̀. Àbúrò mi ní 112. Tàńtí ní ó lé ní 130. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà sí i lánàá níbi ìrẹsì.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun alásárì, ilé yìí máa wà ní ṣíṣí. Ẹnikẹ́ni tí sòbìà bá ti yọ lára rẹ̀ rí ní abà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tàbí ní òdì kejì bọ́dà tó sì jẹ́ pé òun ló tọ́jú rẹ̀, kí ó wá fa ilà tirẹ̀. Ẹni tó bá ti kú, kí ọmọ rẹ̀ wá fà á fún un. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré, ilà kan fún ẹnì kan. Tèmi ni màá kọ́kọ́ fà, kí n tó tún un bàjẹ́. Èédú wà nílé, ẹ má rà wá.